Dírẹ́kítọ̀ Tí Kò Fẹ́ Rí Ihò

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èèyàn kan wà tó gbọ́n ju ìwé tí kò lè kà lọ, ẹ má bá a jiyàn. Mo bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìlú Atakpamé níbí, ní ilẹ̀ Tógò, ló ti jẹ́ ọ̀gá, orí òkè ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo sì máa ń gbé àpò rẹ̀ gun òkè náà láràárọ̀. Bí a bá gòkè tán, èmi náà ni mo tún máa ń kí i pé, "Ẹ kú làálàá, ọ̀gá." Òun á sì dá mi lóhùn pé iṣẹ́ ìlú kò rọrùn.

Ignace ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1974, ìjọba ní kí gbogbo wa bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, kí a mú ti ilẹ̀ wa. Ẹlòmíì mú orúkọ bàbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ignace mú Atóbatẹ́lẹ̀, ó fi Afìmọ̀joyè lé e, ó tún ní kí a máa fi "Mùsíyọ̀ Dírẹ́kítọ̀ Ẹkùn", ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀gá fún gbogbo agbègbè, síwájú méjèèjì. Bí ó bá fẹ́ buwọ́ lùwé, ìwé náà ní láti fẹ̀. Èmi Émile náà mú orúkọ tuntun nígbà náà. Ẹ má bi mí léèrè, mo ti gbàgbé ẹ. Ìyàwó mi ò fi pè mí rí.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa bójú tó àṣà àti ìwé àtijọ́ gbogbo ẹkùn. Ìwé àtijọ́ dà? Èyí tó dàgbà jù lọ́fíìsì wa ni kàlẹ́ńdà kan tí àwọn oníbíà fi ta wá lọ́rẹ. Ohun tó sì ń jẹ Dírẹ́kítọ̀ lọ́kàn gan-an nìyẹn. Lómé, olú-ìlú wa, ló fẹ́ lọ. Ó fẹ́ ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó fẹ́ mọ́tò tí ẹlòmíràn yóò máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa gbé ẹni tó ń ṣọ́ kàlẹ́ńdà bíà lọ sí Lómé?

Lọ́jọ́ kan, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀fíátù kọjá. Ṣẹ̀fíátù, ìyá aláṣọ ni, ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ṣakí wá tẹ̀dó sí ọjà wa. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì sá àwọn ewé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí oòrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ewé ọ̀pẹ ni, ó ti gbẹ, ó le, ẹnì kan sì ti fi irin ṣóńṣó kọ ìkọ̀wé kéékèèké sí i lára, ó fi èédú àti òróró ra á kí ìkọ̀wé náà lè hàn. N kò rí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ rí. Ikán ti jẹ etí àwọn kan, ó ti jẹ ìdajì àwọn mìíràn.

"Ìyá, kí lẹ sá yìí?"

"Ẹrù ẹlẹ́rù ni o," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Ikán ló fẹ́ kó ìtìjú bá mi. Ti Gópálì ni."

Gópálì ni ará Índíà tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Lómé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ṣẹ̀fíátù ti ń rajà. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀ tó fẹ́ lọ gba ìtọ́jú nílé ní Índíà, ó gbé àpótí kan wá sí Atakpamé. Ó ní ìwé ìdílé àwọn ni, ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá òun, afẹ́fẹ́ òkun Lómé ò sì dára fún un. Ó ní kí Ṣẹ̀fíátù bá òun tọ́jú rẹ̀, kó má sì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi òun tàbí Kámálà ọmọ òun. Ṣẹ̀fíátù gbà. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àfipamọ́ ṣe rí láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tó bá jẹ ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, kò ní lè gbójú sókè ní mọ́ṣáláṣí mọ́, wọn yóò sì máa fi bú ọmọ ọmọ rẹ̀.

Èèyàn gidi ì bá kí i pé ó kú oòrùn, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi sáré gun òkè lọ sọ fún ọ̀gá mi. Mo sáré débi pé bàtà mi kan bọ́, n kò padà mú un.

Dírẹ́kítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sọ́jà, ó dúró níwájú ẹní náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò.

"Ìyáàfin, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ sá sóòrùn bí ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Ẹrù ẹlẹ́rù ni, Mùsíyọ̀."

"Ọgbọ́n ayébáyé ni! Ìṣúra ìran ènìyàn! Èmi Atóbatẹ́lẹ̀ Afìmọ̀joyè, tí mo ti fi ojú ara mi rí irú rẹ̀ nílùú Paris, ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Òótọ́ ni o. Òjò ló lé e wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan nígbà tí wọ́n rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rí ewé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, òjò dá, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀mọ̀wé nípa Índíà.

"Ẹ kú oríire, Mùsíyọ̀," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù ń bọ̀."

"Bí ẹlẹ́rù kò bá sí nílé, ìjọba ni ẹlẹ́rù!"

Mo pàtẹ́wọ́. Láàárín ọjà, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. A kó àwọn ewé sínú àpótí wọn, a gbé e, Ṣẹ̀fíátù sì tẹ̀ lé wa títí dé ìdí òkè, ó ń pariwo pé òun ò fún ẹnikẹ́ni, pé òun ò fún ẹnikẹ́ni o.

Báyìí ni iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀: kí a da ohun tó wà lára àwọn ewé náà kọ sórí ìwé, kí a tún un ṣe, kí a sì gbé e jáde. Wọ́n yá Laurent, olùkọ́ àwòrán, wá láti ilé-ìwé kan, nítorí kò sí ẹni tó lè ka nǹkan náà, ṣùgbọ́n Laurent lè yà á. Èmi ni akọ̀wé.

Okùn kan wà nínú àpótí náà, òun ni wọ́n fi so àwọn ewé pọ̀ tẹ́lẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ fi ìka méjì gbé e sókè. "Ìdọ̀tí," ló wí, ó sì sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí. Ó ní kí a ra rìbọ́nù aláwọ̀ àsíá, kí a fi di gbogbo rẹ̀ láti ìta bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn náà ló kan títò wọn. Laurent ní ó yẹ kí a tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀gá ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọba. "Bí a bá ṣe ayẹyẹ, ta ló ń jókòó níwájú? Ṣebí ẹni tó pé, tó dán, tó ṣeé wò ni!" Ni a bá to àwọn ewé bí a ṣe ń to àlejò. Èyí tí ikán ò fọwọ́ kàn lọ síwájú. Èyí tí wọ́n jẹ etí rẹ̀ wà láàárín, bí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Èyí tó ti jẹrà wà lẹ́yìn pátápátá, bí àwọn ará oko tí a máa ń fi ọkọ̀ kó wá láti Glei kí wọ́n wá bá wa pàtẹ́wọ́ nínú oòrùn. Mo rántí pé mo sọ pé, "Ọ̀gá, ewé kọ̀ọ̀kan ti mọ àyè rẹ̀ báyìí." Ẹ ò rí i bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀ tó?

Títúmọ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn kò nira. Bí Dírẹ́kítọ̀ bá jẹun ọ̀sán tán, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ewé, yóò di ojú, yóò han-an-run díẹ̀, yóò sì sọ pé, "Émile, kọ ọ́: Ní ìlú olókè kan, ẹni ńlá kan yóò dìde, ilẹ̀ yóò mì bí ó bá ń rìn." Mo kọ ọ́. Bí oúnjẹ ọjọ́ náà bá jẹ́ fùfú, ìtumọ̀ máa ń gùn.

Ọjọ́ kan ni ọ̀gá yẹ iṣẹ́ Laurent wò, tó rí i pé ó fi àmì tóótòòtó sí àwọn ibì kan.

"Kí nìyí?"

"Àlàfo ni, ọ̀gá. Ibi tí ikán ti jẹ. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"A ò mọ̀?" Dírẹ́kítọ̀ dìde, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ni ò mọ̀? Ṣé ìjọba ni ò mọ̀? Ṣé kí n wá di ihò nínú ìwé, kí n fi ránṣẹ́ sí Lómé? Kí wọ́n máa ka ìwé mi, kí ẹsẹ̀ wọn máa yọ̀ ṣubú sínú ihò? Ó tó! Láti òní lọ, kò sí ihò mọ́ ní gbogbo ẹkùn yìí!"

Ojú ẹsẹ̀ ló dá Ẹ̀ka Dídí Ihò sílẹ̀, ó sì fi mí jẹ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga oníyìíká. Ìyàwó mi pa adìẹ. Nínú ìjọ wa, pásítọ̀ dárúkọ mi nínú àdúrà, àwọn èèyàn yíjú wò mí, mo sì tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tí ẹrù iṣẹ́ ń wọ̀ lọ́rùn.

Mo ṣiṣẹ́ o. Níbi tí ikán bá ti jẹ díẹ̀, mo kọ "ọlọ́gbọ́n". Níbi tó bá ti jẹ púpọ̀, mo kọ "ọlọ́gbọ́n tí kò lẹ́gbẹ́ láti Atakpamé dé Kamina".

"Kamina nìkan?" ni ọ̀gá bi mí. Ẹ sì mọ̀ pé Kamina ò jìnnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín. Mo sún un dé Índíà.

Ó wá ku ohun kan. Ní àárín ewé kọ̀ọ̀kan, ní ojú kan náà gẹ́lẹ́, ihò róbótó kan wà. Laurent kó wọn jọ, ó wò wọ́n sùn-ùn. "Ikán yìí mà létòlétò o," ló wí.

"Ikán àtijọ́ ni," ni Dírẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Àwọn ti àtijọ́ ní ẹ̀kọ́."

A gbà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ o, nítorí ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa: àwa ọkùnrin mẹ́ta tó lọ ilé-ìwé jókòó, a wo ihò tó wà lójú kan náà lára gbogbo ewé, okùn tó ti inú wọn jáde wà nínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, a sì fẹnu kò pé ikán ló kọ́ ilé-ìwé.

"Kí la máa fi dí i?" ni Laurent bi mí.

Mo fa àga oníyìíká mi sún mọ́ ọ̀gá. "Ọ̀gá mi, ohun tó bá wà ní àárín gbogbo nǹkan, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe orúkọ yín?"

Omi lé sí Dírẹ́kítọ̀ lójú. Ó ní òun ti fura sí i tipẹ́. Báyìí ni orúkọ Atóbatẹ́lẹ̀ Afìmọ̀joyè ṣe jókòó sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Índíà.

Ṣẹ̀fíátù kò fi wá sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń gun òkè wá, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, yóò ní, "Mo wá wo ẹrù mi." Èmi ni mo máa ń jáde lọ sọ fún un pé ọ̀gá wà nínú ìpàdé. Ìpàdé wo? Ó ń sùn. Lọ́jọ́ kan ló yọjú wọlé, ó rí i pé Dírẹ́kítọ̀ ti mú ewé kan nínú àwọn tó dára jù, ó gé e lórí, ó gé e nídìí, kó lè wọ inú férémù pẹ̀lú fọ́tò òun fúnra rẹ̀. Ó gbé férémù náà kọ́ ara ògiri. Ṣẹ̀fíátù kò pariwo. Ó di ẹnu ilẹ̀kùn mú, ó sì sunkún, ẹkún tó dun èmi alára.

Ẹ ó máa retí pé mo ṣe nǹkan. Mo bá a wá omi mu.

Ìròyìn iṣẹ́ wa dé rédíò. Wọ́n ní Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ìwé náà lọ́lẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ ti ń di ẹrù Lómé nínú ọkàn rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ṣẹ̀fíátù.

"Ìyáàfin, lọ́jọ́ náà, ẹ ó dìde níwájú Ọlọ́lá Mínísítà, ẹ ó sọ pé tinútinú lẹ fi àpótí yìí ta ìjọba lọ́rẹ. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹni tó ń pín ilé ìtajà lọ́jà, ọ̀rẹ́ mi ni. Àyè tí ṣọ́ọ̀bù yín wà yẹn, àwọn èèyàn ń bèèrè rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Mùsíyọ̀," ni Ṣẹ̀fíátù wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ohun tí Dírẹ́kítọ̀ kò mọ̀ ni pé rédíò kì í yan ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ tó ṣíwájú ayẹyẹ, ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú tákísí láti Lómé, ó ń bèèrè ìyá aláṣọ tó ń jẹ́ Ṣẹ̀fíátù. Kámálà ni, ó ti gbọ́ lórí rédíò pé ewé ìwé Índíà kan wà ní Atakpamé. Lómé ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Faransé, ó ń sọ èdè Ewé, èdè àwọn ará Lómé, bí ọmọ onílẹ̀. Ó ní bàbá òun ti kú nílé, pé kó tó kú ó ní kí òun lọ gba àpótí lọ́wọ́ ìyá kan ní Atakpamé, pé kò séwu, ọwọ́ tó dáa ló wà. Ṣẹ̀fíátù bú sẹ́kún. Àpótí ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ òun, kí ló fẹ́ sọ?

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. A kó àwọn ará Glei wá, a tò wọ́n sínú oòrùn. Ẹgbẹ́ akọrin ìyìn wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń jó, wọ́n ń ju apá sókè sódò. Mínísítà jókòó, ó wọ awò dúdú. Dírẹ́kítọ̀ dìde, ó tẹ́ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọlọ́lá jù lọ! Kí ni Índíà? Ilẹ̀ tó jìnnà ni! Kí ni Atakpamé? Ilẹ̀ olókè ni! Ta ló so wọ́n pọ̀? Mi ò ní sọ ọ́, nítorí ìwà ìrẹ̀lẹ̀! Ṣùgbọ́n ìwé yìí sọ ọ́! Láti ayébáyé ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ní ìlú olókè kan, ẹni ńlá kan yóò dìde, ilẹ̀ yóò mì bí ó bá ń rìn!"

Mo fọwọ́ ṣe àmì, àwọn ará Glei pàtẹ́wọ́. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ mi.

"Ẹ sì wò ó bí àwọn ènìyàn wa ṣe fẹ́ràn mi! Ìyáàfin Ṣẹ̀fíátù, ẹ dìde, ẹ sọ fún Ọlọ́lá bí ẹ ṣe fi àpótí yìí ta wá lọ́rẹ."

Ṣẹ̀fíátù dìde. Ó wo ọ̀nà ọjà, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ," ló wí. "Wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà kún un, kí wọ́n gbà á. Ọmọ ẹlẹ́rù ló jókòó tì mí yìí."

Mínísítà yíjú wo Dírẹ́kítọ̀. Ọlọ́gbọ́n ì bá yára pè fún orin. Ṣùgbọ́n Dírẹ́kítọ̀ wo Kámálà, ó rí aṣọ sárì tó wọ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ọlọ́lá! Ẹ rí i! Índíà fúnra rẹ̀ ló rán aṣojú wá kí mi! Màdámù, ẹ gòkè wá! Ẹ wá fi ohùn àwọn baba ńlá yín ka ewé àkọ́kọ́ yìí fún wa!"

Kámálà gòkè. Ó gba ewé tó wà níwájú pátápátá, èyí tó dán jù. Ó ní bàbá òun kọ́ òun ní kíkà á láti kékeré. Ó kà á, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé:

"Bí ó bá jí láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dìde fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró síwájú rẹ̀. Ẹ yìn ín kí ẹ tó gbé oúnjẹ fún un, nítorí ó fẹ́ràn ìyìn."

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ó bá a mu! Dírẹ́kítọ̀ ń mi orí. Ṣé irọ́ la wá pa ni àbí òótọ́? Ojú ara mi ni mo fi rí i tí èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí gba ara mi gbọ́.

"Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?" ni Mínísítà bi í.

"Erin ni, Ọlọ́lá. Ìwé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú erin ni. Àwọn ìdílé wa ló ń tọ́jú erin ọba láyé àtijọ́."

Bí Dírẹ́kítọ̀ bá pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ìgbà wo lẹ rí i tó pa ẹnu mọ́?

"Àkàwé ni!" ló kígbe. "Ta ni erin? Ta ni àjànàkú tó ń mi igbó kìjikìji? Ọlọ́lá, èmi ni erin náà!"

Mo fọwọ́ ṣe àmì. Àwọn akọrin gbé e lójú ẹsẹ̀: "Ìwọ ni erin o, ìwọ ni erin wa!" Wọ́n ń fi apá ṣe ọwọ́jà, wọ́n ń mi ilẹ̀.

"Ó dáa," ni Mínísítà wí. "Màdámù, kí ni wọ́n tún sọ nípa erin yìí?"

Kámálà kà á lọ. "Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tí kò lè yàgbẹ́, kí àwọn ọkùnrin alágbára dì í mú lẹ́yìn, kí ẹnì kan fi òróró pa ọwọ́ títí dé ìgúnpá, kí ó sì fi sùúrù..."

Kò rí i parí. Àwọn ará Glei ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tó ti oòrùn wá. Ó wọ àárín àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ó dé iwájú. Àwọn akọrin kò sì gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ń bá orin lọ, "Ìwọ ni erin wa!" Mínísítà bọ́ awò dúdú rẹ̀, ó ń nu ojú.

Kámálà ti ṣí ìwé tí a tẹ̀. "Ẹ má bínú, orúkọ ta lèyí tó wà láàárín gbogbo ojú ewé?"

"Ikán ló jẹ ibẹ̀," ni Dírẹ́kítọ̀ dáhùn, òógùn ti bò ó. "A dí i."

"Gbogbo rẹ̀ lójú kan náà?"

"Ikán ẹlẹ́kọ̀ọ́ ni," ni Laurent sọ lẹ́yìn, ó ti mọ́ ọn lára.

Kámálà fa fọ́nrán òwú kan yọ ní etí aṣọ rẹ̀, ó fi gba inú ihò ewé àkọ́kọ́, ó fi gba inú ìkejì, ó gbé wọn sókè, wọ́n ń rọ̀ dirodiro. "Ihò okùn ni," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín Mínísítà náà dáwọ́ dúró. Ó gba ìwé náà, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i. "Gbogbo ihò tó pọ̀ tó báyìí, orúkọ rẹ ló wà nínú gbogbo wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá."

"Kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù fún mi?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Irọ́ kò bí Mínísítà nínú. Erin kò bí i nínú. Ó dìde, ó ní kí wọ́n dá ẹrù ẹlẹ́rù padà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù ìyá náà, ó wọ mọ́tò, kò jẹ nínú ewúrẹ́ tí a pa dè é. Àwa la jẹ ẹ́. Ó dùn.

Kí Dírẹ́kítọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ti ṣófo. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi kúrò. Kò pẹ́ tí rédíò kan náà kéde pé wọ́n ti gbé e lọ sí Kamina, kó máa ṣọ́ àwókù ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn Jámánì fọ́ kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀ ní 1914. Ògiri tó ti wó ni, igbó ti gba inú rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ní àwọn máa ń gbọ́ tó ń kí àwọn òpó inú àwókù náà káàbọ̀ síbi ayẹyẹ. Wọ́n tú Ẹ̀ka Dídí Ihò ká, wọ́n gba àga oníyìíká lọ́wọ́ mi, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, n kò gbé àpò ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi: kí n ru àpótí náà padà sí ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀fíátù. Mo rù ú. Kámálà ń dúró níbẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ṣí i fúnra rẹ̀, ó kó gbogbo ewé jáde, ó mú èyí tí wọ́n gé lórí tí wọ́n gé nídìí, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kámálà ọmọ mi, kò pé mọ́. Wọ́n gé ọ̀kan."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ gé e, ìyá."

"Lọ́wọ́ mi ló ti kúrò. Mi ò ní wá àwíjàre. Bí bàbá rẹ ṣe gbé e wá kọ́ ni mo ṣe ń gbé e padà, ojú sì ń tì mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì fẹ́ ṣe olóore. Mo wúkọ́ díẹ̀. "Ibi tí wọ́n gé yẹn," mo ní, "a lè bá wọn kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i."

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo lọ jókòó sórí ìdì aṣọ kan ní kọ̀rọ̀.

"Mo ti gbà á, ìyá," ni Kámálà wí. "Ó ti dé ọwọ́ mi." Ó gba ewé tí wọ́n gé náà, ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ Ṣẹ̀fíátù mú.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí tò wọ́n, nítorí nọ́ńbà wà ní etí ewé kọ̀ọ̀kan. (Laurent ti rí i. Ó rò pé òdòdó ni, ó fò ó.) Èyí tó kẹ́yìn wà láàárín àwọn tí a tò sẹ́yìn pátápátá, ikán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Kámálà gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tó da ìwé náà kọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó kà á fún wa:

"Ọrùn ń dùn mí, ojú mi ti ṣú. Ìwé tí mo ń wò kọ ti gbó kó tó kàn mí. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ibi tí n kò rí nǹkan kan, mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó kà á, ẹ má bínú sí mi."

Ṣẹ̀fíátù fi etí ìborùn nu ojú.

"Ṣé ọkùnrin yẹn ti kú?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, ìyá."

"Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Irú ẹ̀ lèèyàn lè kó ọjà fún láwìn, kó sì lọ sùn."

Ó yíjú sí mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Títí di òní, owó ọwọ́ ni mo fi ń ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀fíátù.